Ìgbẹ́ adìyẹ tí mo dà sídìí ata ti fẹ́ jó gbogbo ẹ̀ tán, ẹ gbà mí o

IyaAlata_Moniya

Ẹ kú iṣẹ́ oko o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Mo ní ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn ilé wa ní Moniya níbí, lóṣù tó kọjá mo gbin ata rodo sí apá kan ẹ̀, ó lé ní igba ìdí, èmi fúnra mi ni mo tọ́jú ẹ̀ láti kékeré, ó ti mú ilẹ̀ dáadáa, ewé ẹ̀ ń dán. Wọ́n ti ń sọ fún mi tipẹ́ pé fatiláísà ti wọ́n jù, kí n lọ wá ìgbẹ́ adìyẹ, òun ló dáa jù, ṣebí àwọn bàbá wa ò mọ fatiláísà kankan tí wọ́n fi ń jẹ iṣu yó. Mo wá lọ sílé adìyẹ kan tí ò jìnnà sí wa, àwọn tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin nínú kéèjì, wọ́n di àpò mẹ́wàá fún mi, ó ṣì tutù rinrin, òórùn ẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ, onímárúwá tó bá mi gbé e fẹ́rẹ̀ẹ́ já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọjọ́ Sátidé ni mo bù ú sídìí ata, ẹ̀kún ọwọ́ mẹ́ta mẹ́ta, mo tún fi erùpẹ̀ bò ó kó má bàa rùn sáwọn ará ilé.

Ọjọ́bọ̀ tí mo padà débẹ̀ àyà mi já. Etí ewé ti jó, ó ń ká wọnú bíi pé èèyàn fi iná yọ́ ọ, àwọn kan ti tẹríba pátápátá, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ò gbẹ o. Tí n bá kà á ó máa tó ọgọ́ta tó ti ń lọ. Ọkọ mi kàn ń wò mí ni, ó ní ṣé ohun tó jáde nídìí adìyẹ lo rò pé ata máa jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan míì ni wọ́n tà fún mi ni? Kí gan-an nìgbẹ́ ẹran ń ṣe fún ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn fi ń yìn ín? Ṣé mo ṣì lè gba ìyókù là? Àpò mẹ́rin ṣì kù nílẹ̀, bóyá kí n kúkú dà á nù ni mi ò mọ̀.

AgbaAgbe_Saki

Ìyá aláta, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrójú. Ẹ má tíì da àpò kankan nù. Wọn ò ta májèlé fún yín, ẹ sáré ni. Ìgbẹ́ adìyẹ tẹ́ ẹ rí tó tutù lójú yẹn, iná ló wà nínú ẹ̀. Adìyẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀ bíi ti ewúrẹ́ àti màlúù, ìtọ̀ àtìgbẹ́ ló ń jáde pọ̀, ohun funfun tẹ́ ẹ máa ń rí lórí ẹ̀ yẹn, ìtọ̀ ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé irúgbìn gbilẹ̀, pọ̀ sí. Tó bá ti ń jẹrà á di amóníà, òun ló ń ta yín nímú tómi fi ń dà lójú. Tó bá lè ṣe ojú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò ata tó rí bí òwú ìránṣọ ńkọ́? Iyọ̀ tún wà nínú ẹ̀, iyọ̀ yẹn á máa fa omi jáde lára gbòǹgbò dípò kí gbòǹgbò máa fa omi látinú ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí ata yín fi tẹríba bí ẹni tóùngbẹ ń gbẹ nígbà tí ilẹ̀ ò gbẹ. Ẹ wá tún fi erùpẹ̀ bò ó, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ àtòun àtata nìyẹn.

Lónìí yìí kẹ́ ẹ lọ fọwọ́ hú gbogbo ẹ̀ kúrò nídìí ata. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o. Ẹ má lo ọkọ́, ẹ máa gé gbòǹgbò tó kù. Ẹ wá bomi rin ín, kì í ṣe ìwọ́nba tẹ́ ẹ máa ń ṣe, kó yó débi tómi á fi fọ iyọ̀ yẹn lọ sísàlẹ̀, ẹ ṣe é láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ewé tó ti jó ò ní padà, ẹ má wulẹ̀ wò ó, ọ̀mùnú àárín ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, tó bá ti yọ ewé tuntun, ó ti bọ́ nìyẹn. Èyí tí igi ẹ̀ bá ti dúdú níbi tó ti kan ilẹ̀, ẹ fà á tu.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbin tòmátì, bí ẹni sun àgbàdo ni mo ṣe sun odidi ìlà mẹ́ta.

Aladiye_Abk

Èmi tí mo ń ta ìgbẹ́ adìyẹ gan-an nìyí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọ̀rọ̀ àgbà yẹn ló rí. Àmọ́ ẹni tó tà á fún ìyá aláta náà jẹ̀bi díẹ̀, ó yẹ kó bi wọ́n pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ṣé ilẹ̀ tẹ́ ò tíì gbin nǹkan sí ni àbí èyí tí irúgbìn ti wà lórí ẹ̀. Èmi máa ń bi oníbàárà mi.

Ẹ wò ó, oríṣi méjì nìgbẹ́ tó ń jáde lọ́dọ̀ wa. Ti inú kéèjì, kò sí nǹkan kan tó là á, ó tutù, ó lágbára gan-an. Ti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni èyí tá a da sọ́dọ́ọ̀sì sí fún adìyẹ láti máa tẹ̀, òun gbẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn, òun làwọn èèyàn fẹ́ràn nítorí pé ó ṣeé gbé. Àmọ́ tí sọ́dọ́ọ̀sì bá pọ̀ jù nínú ẹ̀, ewé yín á kàn máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ ó ní mo ti bu ajílẹ̀ sí i kí ló tún dé. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ tó ń jẹ pákó yẹn, wọ́n nílò náítírójìn kí wọ́n tó lè jẹ ẹ́, tí wọn ò bá rí i tó nínú ìgbẹ́, ti irúgbìn yín ni wọ́n á gbà. Oníbàárà mi kan tó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ fi pòlíìsì mú mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní mo ta pákó fóun. Ó tiẹ̀ fẹ́ jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àpò mẹ́rin tó kù, báyìí lẹ ṣe máa jẹ́ kó jinná. Ẹ wá abẹ́ igi tàbí ibi tóòrùn ò ti mú jù, ẹ da ewé gbígbẹ tàbí pòròpórò àgbàdo tẹ́ ẹ ti gé wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ẹ da ìgbẹ́ lé e, ẹ tún da ewé lé e, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ títí. Àpò mẹ́rin kéré, ẹ jẹ́ kí ewé pọ̀ dáadáa kó lè ga dé ìbàdí yín, òkìtì tó kéré jù kì í gbóná. Tó bá gbẹ ẹ wọ́n omi sí i, tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́ kó rọ̀ ṣùgbọ́n kómi má kán tótó. Ẹ wá fi tapólì tàbí ọ̀rá bò ó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin á ti bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Ẹ ki irin gígùn bọ àárín ẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀ bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tẹ́ ẹ bá fà á yọ tẹ́ ò lè dì í mú pẹ́, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Ooru tó bá ti dé dígírì 55 sí 65, ó ń pa kòkòrò àrùn inú ẹ̀ àti irúgbìn koríko nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni kẹ́ ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i, tinú á bọ́ síta, tìta á wọnú. Lóṣù kejì sí ìkẹta, tẹ́ ẹ bá yí i tí kò gbóná mọ́, tó dúdú, tó ń rùn bí ilẹ̀ tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, tẹ́ ò dá ìgbẹ́ mọ̀ nínú ẹ̀ mọ́, ó ti jinná.

Èyí tó ti jinná, pulọ́ọ̀tì kan ò lè gbà ju àpò oníkílò 50 méje sí mẹ́tàlá lọ, kì í ṣe ohun tá à ń bù bí iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ẹ má dà á mọ́ igi ata, ẹ wa ilẹ̀ yí i ká ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ìdí ẹ̀.

Ọ̀kan tó kù: ẹ má gba ìgbẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí adìyẹ ẹ̀ ń kú o, kódà kó fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní adìyẹ nílé. Àwa tá a wà nídìí òwò yìí lọ́dún 2006 tí àrùn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà mọ ohun tójú wa rí. Bàtà, táyà mọ́tò, àpò ìgbẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń gbé àrùn láti ilé adìyẹ kan dé òmíì.

Omo_NPK

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n gbogbo òpò yìí nítorí kí ni? Oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ máa yí ìgbẹ́, kẹ́ ẹ máa ki irin bọ̀ ọ́, nígbà tí fatiláísà wà lọ́jà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àpò fatiláísà NPK 15-15-15 oníkílò 50, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ni náítírójìn, ìyẹn kílò méje àtààbọ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ, ká ní náítírójìn inú ẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kílò kan àtààbọ̀ péré ló wà nínú àpò oníkílò 50. Àpò márùn-ún ìgbẹ́ lẹ máa rù kó tó bá àpò kan fatiláísà dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá tún mú yúríà, fatiláísà tó jẹ́ náítírójìn nìkan ló wà fún, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiẹ̀. Ta ló fẹ́ máa ru ìgbẹ́ kiri ní ayé òde òní? Bí wọ́n ṣe ń tà á fún yín ló ń rùn sí gbogbo àdúgbò.

AgbaAgbe_Saki

Omo_NPK, ìṣirò rẹ pé, mi ò ní bá ọ jiyàn lórí ìyẹn. Mo tiẹ̀ máa fi kún un fún ọ: náítírójìn inú ìgbẹ́ yẹn, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lọdún àkọ́kọ́ máa rí lò, apá kan á ṣì wà nílẹ̀ dọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ nǹkan kan ṣoṣo lo kà, o ò ka èyí tó kù. Fatiláísà ń bọ́ irúgbìn, ìgbẹ́ ń bọ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ Moniya tí ìyá aláta wà yẹn, tó bá jẹ́ oníyanrìn bíi ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa, òjò ńlá kan ṣoṣo ló máa fọ yúríà rẹ lọ sódò. Kí ló fẹ́ dá a dúró nígbà tí kò sí ọ̀rá kankan nínú ilẹ̀? Ìgbẹ́ tó jinná ló ń jẹ́ kí yanrìn gbá omi mú, òun làwọn ekòló ń wá jẹ, òun ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ tó le gbagidi rọ̀ fún ọkọ́. Ti adìyẹ ẹlẹ́yin tún ní kásíọ́mù látara oúnjẹ tí wọ́n fi ń jẹ́ kí èèpo ẹyin le, ìyẹn ń bá ilẹ̀ tó ti kan, tí ásíìdì ti pọ̀ nínú ẹ̀, jà. Ilẹ̀ tó sì jẹ́ pé yúríà nìkan ló ń jẹ lọ́dọọdún, ó ń kan sí i ni.

Kí ni Yorùbá ń pè é? Ajílẹ̀. Tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ó jí ilẹ̀. Tí ilẹ̀ ò bá ti sùn, ta ni wọ́n ń jí?

Tó o bá dé abúlé yín, lọ wo ẹ̀gbẹ́ ààtàn, ibi tí wọ́n ti ń da ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti eérú àti èèpo iṣu sí láti ayé bàbá wọn. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó wà níbẹ̀, ta ló gbìn ín? Ìbẹ́pẹ tó so tí orí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó, ta ló bu fatiláísà sí i? Àgbàdo tá a bá gbìn sórí àlàpà, ilé tó ti wó látọjọ́ pípẹ́, máa ń yàtọ̀ pátápátá sí toko. Bàbá mi á máa wá àlàpà kiri bí ẹni ń wá góòlù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jà lórí àlàpà ìyá wọn.

Èmi ò sọ pé kéèyàn má ra fatiláísà o. Èmi náà ń rà á. Mo máa ń da ìgbẹ́ tó jinná sílẹ̀ kójò tó bẹ̀rẹ̀, tí àgbàdo bá wá dé orókún mo lè fi yúríà díẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì kì í ṣe orogún.

Aguntan_Ijebu

Ọ̀rọ̀ àgbà yìí rán mi létí ìgbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kano. Táàkì ni wọ́n ń pe ìgbẹ́ ẹran níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá jáde ní kùtùkùtù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ máa rí lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí àpò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń ru ìgbẹ́ àti pàǹtírí ìlú lọ sóko. Tẹ́ ẹ bá wo oko, òkìtì kéékèèké lẹ máa rí kárí gbogbo ẹ̀, ó to lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dìgbà tójò bá fẹ́ rọ̀ kí wọ́n tó tú u ká. Bàbá tí mo gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀ ní ilẹ̀ tí bàbá bàbá òun dá lòun ń dá, wọn ò sì fi í sílẹ̀ kó sinmi rí. Lọ́dọ̀ wa a máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó di igbó padà, àwọn ò ní àyè yẹn, èèyàn ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹran ọ̀sìn ló ń bá wọn gbé e.

Nílé báyìí ìgbẹ́ ehoro ni mò ń lò, kóró kóró ni, kò gbóná tó ti adìyẹ, mo lè bù ú sídìí ẹ̀fọ́ láìsí wàhálà. Ti ewúrẹ́ náà fẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ti màlúù ò ní agbára tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n koríko inú ẹ̀ pọ̀, tẹ́ ẹ bá dà á sóko láìjẹ́ pé ó jinná, ẹ múra sílẹ̀ fún ìroko.

Sade_Kent

Mo kí gbogbo yín láti Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ẹ jẹ́ n fi ohun kan kún un tí mi ò rí ẹni sọ. Káńsù ń yá wa ní ilẹ̀ kékeré níbí tá a fi ń gbin nǹkan, mo ń gbin tòmátì àti ẹ̀wà àti tẹ̀tẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó lẹ́ṣin nítòsí máa ń fún wa nígbẹ́ ẹṣin lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti jẹrà, ó dúdú mìnìjọ̀, kò rùn rárá. Mo dà á sílẹ̀. Tòmátì mi hù, àmọ́ ewé ẹ̀ ń ká roboto, ó ń lọ́, ó dà bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ẹ̀wà náà bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé àrùn ni.

Àṣé oògùn apakoríko ni! Oko tí wọ́n ti gé koríko fún ẹṣin, wọ́n ti fín oògùn kan tó ń pa igbó tí ewé ẹ̀ fẹ̀ síbẹ̀, aminopyralid lorúkọ ẹ̀, ẹṣin jẹ koríko yẹn kò ṣe é ní nǹkan kan, ó gba inú ẹ̀ kọjá bó ṣe wà, ó sì wà nínú ìgbẹ́. Lọ́dún 2008 ó bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ọgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà débi pé wọ́n dá títa oògùn náà dúró fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà sọ́jà. Jíjinná ìgbẹ́ lásán kì í sì í tètè lé e lọ.

Torí náà báyìí kí n tó gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo máa ń bu díẹ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀ nínú ike mẹ́ta, mo á gbin ẹ̀wà sí i, mo á tún gbin ẹ̀wà sí ike mẹ́ta míì tí kò sígbẹ́ nínú ẹ̀. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo á fi wọ́n wé ara wọn. Tí ewé tìgbẹ́ bá ká, kí onítọ̀hún máa gbé e lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ìgbẹ́ màlúù tó jẹko níbi tí wọ́n ti ń fín oògùn náà lè dán an wò, kò ná yín ju ẹ̀wà díẹ̀ lọ.

IyaAlata_Moniya

Ẹ ṣé gan-an ni o gbogbo yín, ẹ kú àdúrótì. Mo ṣe bí bàbá Saki ṣe sọ. Òní ló pé ọjọ́ méjìlá. Mo fa mẹ́tàlélógójì tu, ó dùn mí, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ti ń yọ ewé tuntun láàárín, kékeré bí etí eku, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Mo tún ní ìbéèrè kan. Mo fẹ́ gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sápá kejì. Ọmọ wà nílé tó ń jẹ ẹ̀. Ṣé ìgbẹ́ yìí ò ní kó àìsàn ràn wá?

Aladiye_Abk

Ìbéèrè gidi nìyẹn, kì í sì í ṣe ohun tá a máa fojú di. Kòkòrò àrùn tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru lè wà nínú ìgbẹ́ tútù. Àwọn tó ń ṣe oko ọ̀gáníìkì ní Amẹ́ríkà, òfin wọn ni pé tẹ́ ẹ bá da ìgbẹ́ tí ò jinná sílẹ̀, 120 ọjọ́ gbọ́dọ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó kórè ohun tó ń kan ilẹ̀, 90 ọjọ́ fún èyí tí ò kan ilẹ̀. Ẹ wá wò ó, tẹ̀tẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ tẹ́ ẹ fi máa gé e. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ pa òfin yẹn mọ́ pẹ̀lú ìgbẹ́ tútù. Èyí tó jinná nìkan ni kẹ́ ẹ fi gbin ẹ̀fọ́, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọ́n irúgbìn, ẹ má wọ́n ọn lé ewé lórí. Kẹ́ ẹ sì fi omi púpọ̀ fọ ẹ̀fọ́.

AgbaAgbe_Saki

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ èèyàn ńkọ́ o, nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè: rárá. Nígbà tí agbépòó ṣì wà láwọn ìlú wa, mo gbọ́ pé àwọn kan ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dà á sóko. Aràn inú ẹ̀ kì í tètè kú, ẹyin aràn lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bákan náà ìgbẹ́ ajá àti ológbò, ẹ má kó o mọ́ ọn.

IyaAlata_Moniya

Ẹ̀ẹ́ pẹ́ fún mi o. Mo ti kó mẹ́rin yẹn jọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo gba pòròpórò àgbàdo lọ́wọ́ aládùúgbò wa. Láàárọ̀ yìí mo fa irin yọ, mo pariwo, mo jù ú sílẹ̀. Ọkọ mi sáré jáde, ó ní kí ló bù mí jẹ. Ó mú irin náà, òun náà jù ú sílẹ̀. Ó wá dúró síbẹ̀, ó ní, "Ta ló wá dáná sábẹ́ ẹ̀?"

Ìrọ̀lẹ́ mo bá a níbẹ̀ tó tún ń ki irin bọ̀ ọ́.